Ẹran Tí A Kò Ní Jẹ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí wa lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni ó tọ̀ mí wá láti òkè òkun, mo sì rò pé kò yẹ kí n dá a gbé mì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń gbé ní ìlú Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó bi mí. Ó ní: "Àáfà, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Èmi àti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ dọdẹ béárì ní oṣù kẹsàn-án. Ilẹ̀ ìjọba ni a ó lọ, mo ti gba ìwé àṣẹ, a kò sì ní háyà ẹnikẹ́ni láti mú wa lọ; ọwọ́ ara wa ni a ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣé ó burú?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Béárì kò sí nínú igbó wa níhìn-ín. Àwa tí a lọ sí ilé kéwú mọ orúkọ rẹ̀, dubb, nínú ìwé, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó fojú kàn án rí nínú igbó? Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn òkè Atlas ní ìhà àríwá nìkan ni irú rẹ̀ kan ti gbé ní ayé tí ó súnmọ́ wa yìí, ìyẹn náà sì ti run ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tí ọmọ wa ń sọ ni wọ́n ń pè ní béárì dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Colorado ni àwọ̀ wọn pọ́n bí àwọ̀ obì. Irú kejì, tí ó tóbi tí ó sì rorò jù ú lọ, ti tán ní ìpínlẹ̀ náà. Èyí tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn ni wọ́n pa ní ọdún 1979. Lẹ́yìn tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo wá rí i pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti béárì nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní agbára àti àṣẹ láti gba ẹ̀mí, tí kò sì tíì bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Ètò tí ó ṣe kò kéré. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ojú ìwé 3 gbáko, mo sì kà á tán ní òru ọjọ́ kan. Kí n má parọ́, inú mi dùn sí i, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni kò lè jókòó ṣètò ìrìn àjò láti Ìbàdàn dé Ìlọrin kí nǹkan mẹ́ta má wọ́n lójú ọ̀nà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti parí ẹ̀kọ́ ọdẹ, nítorí pé ní Colorado, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní ọdún 1949 wá síhìn-ín kò lè gba ìwé àṣẹ ọdẹ láìjẹ́ pé ó kọ́ nípa ìbọn àti ààbò. Ó kọ ọ́ pé àwọn yóò wọ aṣọ àwọ̀ ọsàn tí ń tàn yòò, kí ọdẹ mìíràn má baà ṣèèṣì yìn wọ́n. Ó kọ bí àwọn yóò ti wá ẹranko náà rí. Ní àsìkò yẹn, béárì kò ní iṣẹ́ mìíràn ju oúnjẹ lọ. Ó lè fi wákàtí 20 jẹun nínú ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀rá lè gba ara rẹ̀ kí òtútù ńlá tó dé. Nítorí náà, ibi tí èso igi óákù àti àwọn èso wẹ́wẹ́ inú igbó bá pọ̀ sí ni kí ọdẹ lọ. Kí ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí òkè tí ó dojú kọ ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó máa fi awò tí a fi ń rí ọ̀nà jíjìn wo ẹ̀gbẹ́ òkè kejì. Kí ó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, nítorí béárì yóò gbọ́ òórùn rẹ̀ kí ó tó rí i. Kí ó dúró wò ó dáadáa bóyá ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí òfin kò gbà kí a pa ìyá tí ó ń kó ọmọ kiri.

Ibi tí yóò yìn ín sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: lẹ́yìn apá, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà, kí ó má baà jẹ̀rora pẹ́. Ọ̀rá àti irun béárì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kán sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì í yìn lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó má rí i mọ́, béárì náà yóò sì kú sínú igbó lásán. Bí ó bá kú, kí wọ́n tètè bó awọ rẹ̀ kí ẹran má baà bàjẹ́, nítorí ooru ṣì máa ń mú lọ́sàn-án oṣù kẹsàn-án. Kí wọ́n kun ún, kí wọ́n pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, kí wọ́n kó o sínú yìnyín. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé orí àti awọ lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n lè yọ eyín kan tí wọn yóò fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ yìí tilẹ̀ kọ ibi tí òun yóò ti kí ìrun Àsùbáà lórí òkè, bí òun yóò ti mọ ìhà Kíbùlà, àti pé bí omi bá ṣọ̀wọ́n, tayamamu ni òun yóò ṣe. Mo kí i fún ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo wá ìlà kan nínú ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò rí i. Ibi tí wọn yóò lọ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ìbọn àti bàtà àti okùn wà níbẹ̀. Èyí tí yóò sọ ohun tí a fẹ́ fi ikú ẹranko yìí ṣe ni kò sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ìjọba ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ wọn, kí a má baà máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ di igbó àti òkè tí ó pọ̀ jọjọ mú fún gbogbo ará ìlú. Láti ọdún 1905 ni ilé iṣẹ́ kan ti wà tí ó ń bójú tó àwọn igbó ńlá wọ̀nyí. Tálákà àti olówó ni wọ́n jọ ni í. Ẹni tí ó lówó lè háyà amọ̀nà, ẹni tí kò ní lè gbé àpò kọ́ èjìká kí ó dá lọ. Ẹranko inú igbó wà lábẹ́ ìtọ́jú ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ ni ó sì ń sọ iye ìwé àṣẹ tí wọn yóò fún ni. Owó ìwé àṣẹ àti owó orí tí òfin ọdún 1937 gbé lé ìbọn àti ọta ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ẹranko náà. Àwọn tí ó ń ka iye béárì ní Colorado ṣírò wọn sí bí 17,000 sí 20,000, nítorí náà kì í ṣe ẹranko tí ó ń run lọ. Ní ọdún 1992, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò, bí 70 nínú 100 sì ní kí wọ́n dẹ́kun ọdẹ béárì ìgbà ìrúwé, nígbà tí ìyá ń fún ọmọ lọ́mú. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìjẹ tàn án, kí wọ́n má sì fi ajá lé e mọ́. Òfin yìí ṣì wà. Ẹ rí i pé àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa pàápàá jókòó, wọ́n ro ọ̀rọ̀ àánú sí ẹranko, wọ́n sì fi ìbò wọn gbé e kalẹ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé òfin ìjọba nìkan ni ọmọ wa ń béèrè, ọ̀rọ̀ ti parí, kò burú. Ṣùgbọ́n èmi ni ó bi, kò bi lọ́yà.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fi ọdẹ ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Suuratul Maa'idah ṣe é ní ẹ̀tọ́ fún wa láti jẹ ohun tí ẹran ọdẹ tí a kọ́ bá mú wá, nígbà tí a bá ti dárúkọ Ọlọ́hun sí i, ẹni tí ó wà nínú àrámì Hájì nìkan ni a sì kà á léèwọ̀ fún. Adiyy ọmọ Haatim, tí í ṣe Sàhábà tí ó fẹ́ràn ọdẹ, bi Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ìbéèrè lórí rẹ̀ léraléra, Ànábì kò sì lé e padà. Ó dá a lóhùn lórí ajá, lórí ọfà, àti lórí ẹran tí ó bọ́ sínú omi. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí gbogbo ìdáhùn wọ̀nyẹn ń já sí: jẹ ẹ́, tàbí má jẹ ẹ́. Inú ìkòkò ni ọdẹ Adiyy parí sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ béárì ti le nìyí. Ànábì kọ̀ fún wa láti jẹ ẹranko apẹranjẹ tí ó ní eyín ṣóńṣó tí ó fi ń fa ẹran ya. Ẹni tí ó bá ti rí agbárí béárì mọ̀ pé eyín náà wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ni ó ti tìtorí èyí kà á sí hàrámù. Ọmọ mi kò gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá o, ó ti kàwé. Ó ní: "Àáfà, ṣebí Ìmáámù Maliki ni a ń tẹ̀lé, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan sì ní ohun tí a kórìíra jíjẹ rẹ̀ ni, kì í ṣe hàrámù?" Òótọ́ ni. Ìyẹn wà nínú ohun tí wọ́n gbà wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú Al-Muwatta, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó mú hádíìsì tí ó kà á léèwọ̀ wá, ó sì fi hàn pé orí rẹ̀ ni àwọn wà ní Mẹ̀dínà. Ó tún ní Ìmáámù Ahmad ní bí kò bá ní eyín ṣóńṣó, kò burú. Mo ní kí ó la ẹnu béárì kí ó wò ó.

Ó wá mú ẹ̀rí mìíràn wá tí mo gbóríyìn fún. Ó ní béárì dúdú kì í ṣe apẹranjẹ bí i ti kìnnìún. Ewéko, èso àti kòkòrò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀, ó ti kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹranko tí ó léwu ni, àti pé Ànábì gbà wá láyè láti pa ẹranko tí ń ṣeni níbi. Mo ní kí ó mú ọ̀kan. Kò lè jẹ́ pé nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, ajewéko ni. Nígbà tí a bá fẹ́ pa á, apanirun ni. Béárì tí ó já ilẹ̀kùn wọlé tọ àwọn ọmọ wá, pa á, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́. Èyí tí ìwọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rin ọ̀pọ̀ máìlì lọ bá níbi tí ó ti ń jẹ èso, ìwọ ni o wá a wá, òun kò wá ọ.

Ó wá kù síbi ẹran náà. Òfin Colorado kò gbà kí ọdẹ pa béárì kí ó fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ sínú igbó; ó ní láti tọ́jú rẹ̀ fún jíjẹ. Àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó dùn nígbà tí ó bá ti jẹ èso yó, kìkì pé kí a sè é jinná dáadáa nítorí aràn tí ó lè wà nínú rẹ̀. Mo bi ọmọ mi bóyá ìyàwó rẹ̀ yóò gbé e kaná. Ó ní rárá, ìyàwó òun kò ní jẹ́ kí ó wọ ilé. Ó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ni òun yóò fún. Ó dáa. Ṣùgbọ́n àwọn náà ní ìwé àṣẹ tiwọn, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ebi ń pa nínú wọn tí ó ń retí rẹ̀. Awọ náà ńkọ́? Ó fẹ́ tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá kọ̀ fún wa láti máa lo awọ àwọn ẹranko apẹranjẹ, àwọn onímọ̀ sì ti sọ ọ̀rọ̀ lé e lórí púpọ̀. N kò fẹ́ fi gígùn rẹ̀ dá yín lágara. Bí ẹran kò bá wọ ilé ìdáná, tí awọ sì ní àríyànjiyàn, kí ni ó kù tí ọmọ mi yóò mú bọ̀ láti orí òkè? Àwòrán tí ó yà pẹ̀lú òkú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́ràn, tí ọmọ mi náà sì sọ fún mi pẹ̀lú ìgboyà: pé ọdẹ gidi kì í rẹ́ ẹran jẹ. Kò ní so ó mọ́lẹ̀, kò ní yìn ín nínú àgò, yóò fún un láyè láti sá àsálà. Ó ní èyí ni ó yà ọdẹ sọ́tọ̀ sí apànìyàn. Mo rò ó títí. Mo rántí ìtàn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ wọn níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1902, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ìgbà náà, Theodore Roosevelt, lọ dọdẹ béárì ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Ẹni tí ó ń ṣamọ̀nà wọn ni Holt Collier, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí oko ẹrú, ògbójú ọdẹ béárì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo agbègbè náà. Àwọn ajá lé béárì kan títí ó fi rẹ̀ ẹ́, béárì náà sì kọjú ìjà sí wọn, ó pa ajá kan. Collier fi ìdí ìbọn lù ú lórí, ó so ó mọ́ igi, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ààrẹ pé kí ó wá yìn ín. Roosevelt dé, ó wò ó, ó kọ̀; kò rí i bí ohun iyì láti yìnbọn fún ẹran tí a ti so. Ìròyìn yìí tàn kálẹ̀. Clifford Berryman yà á ní àwòrán sínú ìwé ìròyìn Washington Post ní ọjọ́ 16 oṣù náà, tọkọtaya onísọ́ọ̀bù kan ní Brooklyn sì fi aṣọ rán béárì kékeré kan, wọ́n fi ìnagijẹ Ààrẹ pè é. Ìdí nìyẹn tí béárì tí àwọn ọmọ wa ń gbé sùn fi ń jẹ́ tẹ́dì títí di òní. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni bí ó ti parí. Roosevelt ní kí wọ́n pa á kí ó má baà jìyà mọ́, wọ́n sì fi ọ̀bẹ pa á.

Mo fi í wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Abdullahi ọmọ Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí àwọn méjèèjì), tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ó ń kọjá lọ, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Kùráéṣì kan tí wọ́n so ẹyẹ kan mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ta á lọ́fà, wọ́n sì bá ẹni tí ó ni ẹyẹ ṣàdéhùn pé gbogbo ọfà tí kò bá bà á di tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n túká. Ó bínú, ó sì sọ fún wọn pé Ànábì ti ṣẹ́bi lé ẹni tí ó bá fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe ohun ìfojúsùn fún títa.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ìbéèrè méjèèjì. Ìbéèrè Roosevelt ni pé, ṣé ó yẹ èmi? Ṣé orúkọ mi kò ní bàjẹ́ bí mo bá pa á báyìí? Ó yọ orúkọ ara rẹ̀, béárì sì kú. Ìbéèrè ọmọ Umar ni pé, ẹ̀mí yìí ńkọ́, ta ni ó fún yín láṣẹ lórí rẹ̀ fún eré? Gbogbo òfin àìrẹ́nijẹ àwọn ọdẹ wọ̀nyí, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ọ̀rọ̀ iyì ọdẹ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àdìyẹ tí a dì ní ẹsẹ̀ láti pa nílé ìkómọ kò ní àyè kankan láti sá, bẹ́ẹ̀ ni halali ni, nítorí pé ìdí wà, Ọlọ́hun sì yọ̀ǹda rẹ̀. Bí a bá fún béárì ní ẹgbẹ̀rún ọ̀nà láti sá, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wa. Àyè láti sá kì í ṣe owó tí a fi ń ra ẹ̀mí.

Mo tún sọ díẹ̀ fún un nípa ẹranko náà, nítorí ó mọ ibi tí yóò ti yìn ín ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkeje, ni béárì máa ń gùn. Ṣùgbọ́n oyún náà kì í dàgbà lójú ẹsẹ̀. Ó wà níbẹ̀ bí irúgbìn tí ó ń retí òjò, títí di nǹkan bí oṣù kọkànlá. Bí ìyá bá jẹun tó tí ọ̀rá sì gbà á lára, oyún yóò so mọ́ ilé ọmọ, yóò máa dàgbà. Bí ebi bá pa á, oyún kò ní dúró. Nínú ihò tí ó sùn sí ní àkókò òtútù, láìjẹ láìmu, ni ó ń bímọ, ọmọ tí kò tó ìdajì kílò, ara rẹ̀ ni ó sì ti ń fún un lọ́mú títí ilẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ náà yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ ju ọdún kan lọ, nítorí náà ọdún méjì méjì ni ó ń bí. Suuratul An'aam sọ fún wa pé àwọn ẹranko jẹ́ ìjọ bí tiwa. Èmi a máa ka áyà náà lákàtúnkà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ oyún yìí ni mo tó dúró lórí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọmọ mi kò ní ohun tí ó lè fi dá mi lóhùn. Ó bi mí ní ohun kan tí ó gún mi. Ó ní: "Àáfà, àdìyẹ tí ẹ̀yin ń rà ní ọjà, ẹ mọ bí wọ́n ti sìn ín, ẹ mọ ẹni tí ó pa á? Èmi yóò kúkú rí ojú ohun tí mo bá pa." N kò rí èsì fọ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó gun òkè, tí ó dúró de ọjọ́ mẹ́ta, tí ó sì kọ̀ láti yìn nítorí pé ọmọ wà lẹ́yìn ìyá, lè ní àánú ju ẹni tí ó jókòó sí ilé oúnjẹ tí ó fi ìdajì ẹran sílẹ̀ lórí àwo. Ó ní ṣebí ọdẹ ni àwọn baba ńlá wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wọn sì pa ẹkùn nítorí oyè àti ìjúbà, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹran tí púpọ̀ nínú wọn ń pa, ìyàwó wọn ni ó ń yan án tà, àwa ọmọ ni ó sì ń jẹ orí rẹ̀.

Ó tún ní bí àwọn ọdẹ kò bá pa díẹ̀, béárì yóò pọ̀ jù, yóò sì máa wọ ìlú. Ìyẹn ni ìjọba ń sọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú béárì wọ ìlú jù ni ilẹ̀ ìdọ̀tí tí àwọn ènìyàn kò dé. Béárì tí ó bá ti mọ́ ọn lára láti jẹ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n sábà máa ń pa á nígbẹ̀yìn. Mo bi í bóyá ìdí tí òun fi ń lọ nìyẹn, láti ran ìlú lọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ òótọ́ fún mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ilẹ̀ yẹn, ibi iṣẹ́ àti ilé nìkan ni òun mọ̀. Àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ kò pè òun sí nǹkan kan rí, ọtí ni wọ́n ń mu, òun kì í mu. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ pé, ìwọ náà máa bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ yìí ni ó pa mí lẹ́nu mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìlà tí n kò rí nínú ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyẹn. Kì í ṣe ẹran, kì í ṣe awọ. Ẹgbẹ́ ni ó ń wá. Kí a máa wá ọ̀rẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀mí béárì ni a ó fi san owó rẹ̀? Àti pé ẹni tí ó háyà amọ̀nà lè sọ pé amọ̀nà ni ó mú mi lọ, òun ni ó ní kí n yìn ín. Ìwọ tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe gbogbo ètò rẹ̀, láti orí bàtà dé orí ọta, ta ni yóò bá ọ dáhùn ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun yóò béèrè ẹyẹ ológoṣẹ́ pàápàá lọ́wọ́ ẹni tí ó pa á láìnídìí?

Mo ní kí ó lọ pẹ̀lú wọn, kí ó bá wọn gun òkè, kí ó bá wọn dáná, ṣùgbọ́n kí ó wá ìwé àṣẹ àgbọ̀nrín, tí ó jẹ́ pé bí ó bá pa á pẹ̀lú Bismillahi, ìyàwó rẹ̀ yóò sè é, àwọn aládùúgbò yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ó ní fọ́ọ̀mù ti àgbọ̀nrín ti parí láti oṣù kẹrin; oríire ni wọ́n fi ń mú un, ó di èèmíì. Owó ti béárì sì ti lọ. Ó ní òun kò tíì gbà pẹ̀lú mi lórí ọ̀rọ̀ Ìmáámù Maliki, òun yóò béèrè lọ́wọ́ Ìmáámù mọ́sálásí wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé nígbà tí ó bá dé iwájú Ìmáámù, kí ó má ṣe béèrè pé ṣé a lè jẹ béárì, kí ó sì dákẹ́. Kí ó gbé ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, kí ó sì sọ ohun tí ó sọ fún mi kẹ́yìn náà fún un.